Ṣé Kí N Bọ́ Bàtà Irin Lẹ́sẹ̀ Ẹṣin Mi?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Akóbọ̀ ni mò ń gbé n'Ìbàdàn níbí. Mo ní ẹṣin kan, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ọmọ ọdún 11. Ọwọ́ ẹni tó ń fi í gbá pólò ni mo ti rà á nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ bàtà irin. Èkó ni ẹni tó ń kàn án ti ń wá, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ti gunkè. Nígbà mìíràn oṣù mẹ́ta á pé kó tó yọjú. Lóṣù tó kọjá, bàtà ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún já, ó sì bu pátákò dání. Màlámù tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀, ọmọ Kàtsínà, ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, pé ẹṣin ilé àwọn kì í wọ bàtà. Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo máa ń gùn ún, a sì máa ń mú un lọ sí òde oyè àti Òjúde Ọba. Ṣé kí n bọ́ ọ? Ìgbà wo ló dáa? Tó bá wá ń tiro ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹran o, ọ̀gá mi. Ìdáhùn kúkurú ni pé ẹ lè bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé torí owó nìkan ni, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ nìṣó, kí ẹ wá oníbàtà mìíràn. Ẹṣin tí kò wọ bàtà kò tíì di ẹṣin ọ̀fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra ni ẹni tó mọ̀ ọ́n gé gbọ́dọ̀ máa wá tún pátákò rẹ̀ ṣe. Oúnjẹ rẹ̀ á yí padà. Oṣù díẹ̀ sì lè wà tí ẹ ò ní lè gùn ún rárá. Ohun tí ẹ bá rí fi pamọ́ lórí irin àti ìṣó, orí koríko àti èérún pákó ló máa lọ. Ẹni tó bá fara mọ́ ìyẹn, kó jókòó ká sọ̀rọ̀.

Ní ti Màlámù yín, òótọ́ ló sọ, àmọ́ àbọ̀ òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ilẹ̀ Haúsá kì í wọ bàtà, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹṣin Kàtsínà, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i ló ti ń tẹ iyanrìn gbígbẹ àti ilẹ̀ líle, tó ń rìn kiri láti àárọ̀ dalẹ́. Pátákò rẹ̀ kò fìgbà kan gbára lé ohunkóhun. Tiyín tó ti gbá pólò, ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú irin láti ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àtẹ́lẹ̀ tí kò fara kan ilẹ̀ fún irú ọdún báyẹn, ẹ ò lè jí i lójijì kí ẹ ní kó sáré lórí yangí. Kàtsínà sì gbẹ, Ìbàdàn ò gbẹ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn lọ́hùn-ún kọ́ ló máa bá wa níbí lóṣù keje, nígbà tí ilé ẹṣin bá ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú òsì rẹ̀ sókè, ẹ fi irin họ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wò ó dáadáa. Èèpo líle tó yí i ká ni wọ́n kan ìṣó mọ́. Àtẹ́lẹ̀ ló wà nínú, ó yẹ kó jin díẹ̀, kó má tẹ́ pẹrẹsẹ. Lápá ẹ̀yìn, ohun onígun mẹ́ta kan wà láàárín tó rọ̀ bíi rọ́bà táyà. Frog ni gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é. Lókè frog, nínú ẹran gìgísẹ̀, tìmùtìmù kan wà tí ojú ò lè rí. Bí ẹṣin bá gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, gìgísẹ̀ á là díẹ̀, frog á tẹ ilẹ̀, tìmùtìmù yẹn á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì rí ọ̀nà padà sókè. Irin tí wọ́n fi ìṣó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ kàn mọ́ ọn kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ là tó bó ṣe yẹ, ó sì gbé frog kúrò nílẹ̀. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, frog á rù, gìgísẹ̀ méjèèjì á fún mọ́ra, àtẹ́lẹ̀ á fẹ́lẹ́. Mi ò sọ pé irin burú o. Ẹṣin tó ń sáré àsápajúdé lórí pápá pólò, tó sì ń yí bìrí lójijì, nílò ohun tó máa di ilẹ̀ mú. Tiyín ti fẹ̀yìn tì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé pátákò tí ẹṣin yín ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí, èyí tó hù lọ́dún tó kọjá ni. Láti ibi tí irun ẹsẹ̀ ti pàdé pátákò ló ti ń hù bọ̀ nísàlẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 10 lóṣù. Kí tuntun tó dé ilẹ̀ níwájú, á gbà tó oṣù 9 sí 12. Ní gìgísẹ̀ tó kúrú, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí oṣù 4 sí 6. Ẹni tó bá bọ́ bàtà lónìí tó wá ń retí kí ẹsẹ̀ le láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí kò sí nínú ẹ̀dá pátákò ló ń retí. Bí oúnjẹ àti ìrìn bá ti yí padà, lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ máa rí ìlà kan tó yí pátákò ká. Lókè ìlà yẹn, èèpo á dán, á sì dúró ṣánṣán. Nísàlẹ̀ rẹ̀, á dà bíi pé ó ń ya síta, á ní ihò ìṣó, á sì máa bu. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀lé e láti òkè wá sísàlẹ̀, ọwọ́ yín á mọ ibi tó ti yí. Ibi tí ìlà yẹn bá dé ni kí ẹ fi mọ bí ẹsẹ̀ ti le tó, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ sí kàlẹ́ńdà.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bọ́ bàtà, ó sì máa ń ya wọ́n lẹ́nu. Ẹṣin pólò tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń jẹ oúnjẹ eléré ìje, inú pátákò ni àpọ̀jù yẹn máa ń jáde sí. Àgbàdo, èérí àlìkámà, èérí ọkà bàbà, búrẹ́dì tí àwọn ọmọ ilé ń jù sí i: sítáàṣì àti ṣúgà ló kún inú wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n máa ń ba ohun tó so egungun inú pátákò mọ́ èèpo jẹ́. Àìsàn yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní laminitis, ó sì ti pa ẹṣin púpọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹṣin ò lè dìde, ó lè ti wà lára rẹ̀ ní ìwọ̀nba fún ìgbà pípẹ́. Ìlà funfun tó wà láàárín èèpo àti àtẹ́lẹ̀ á fẹ̀, á sì máa di ìdọ̀tí mú. Àtẹ́lẹ̀ á máa ro ó. Òkúta kékeré báyìí, ó ti tiro. Àwọn èèyàn á wá ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, bàtà ló nílò." Ẹ kan bàtà sí i, á dẹ́kun títiro lóòótọ́, àmọ́ àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tí wọ́n ní "kò lè rìn láìwọ bàtà" n'Ìbàdàn yìí, inú garawa oúnjẹ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí koríko jẹ́ olórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹṣin tó wọn kílò 400 yẹ kó rí tó kílò 6 sí 8 koríko gbígbẹ jẹ lóòjọ́. Tó bá jẹ́ koríko tútù ni wọ́n ń gé fún un, á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Eéran dára, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti òkè ọya náà dára níwọ̀nba. Ẹ dín èérí kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má gé e lójijì, torí inú rírun ẹṣin kì í ṣe eré. Iyọ̀ lílá tí ẹ so mọ́ ògiri kò tó fún pátákò. Síńkì àti kọ́pà ló máa ń kù díẹ̀ káàtó nínú koríko, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko sọ èyí tí ẹ máa fi kún un. Biotin, irú fítámì kan, náà wúlò, nǹkan bíi mílígíráàmù 20 lóòjọ́, ṣùgbọ́n ẹ múra láti máa fún un fún oṣù 6 sí 9 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, torí èèpo tuntun nìkan ló ń ràn lọ́wọ́. Ní ti ohun tí wọ́n ń kùn sára pátákò láti ìta, kò sí èyí tó ń mú un hù nínú wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú kun ún lójú yín.

Kí ẹ tó yọ ìṣó kankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí kí ẹ pe dókítà ẹranko wá sílé. Kí wọ́n ya X-ray ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fẹ́ mọ bí àtẹ́lẹ̀ ṣe nípọn tó lábẹ́ egungun, àti bóyá egungun náà ti yí kúrò ní àyè rẹ̀. Tó bá tó mìlímítà 15, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá tó 10, ẹ má tíì bọ́ tiwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ìhà wa níbí ní eṣinṣin tsetse, òun ni kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó látijọ́. Ẹṣin tí àìsàn tí eṣinṣin yìí ń gbé kiri bá sì wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ, á rù, pátákò rẹ̀ kò sì ní hù dáadáa bí ẹ fún un ní gbogbo biotin ayé. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń tètè mú ẹṣin ju ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn lọ, gbogbo wa la sì mọ bí ìṣó ṣe ń wà káàkiri ilẹ̀ ní Akóbọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní gbogbo àdúgbò.

Ní ti ìgbà tó dára, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìgbà òjò, torí ilẹ̀ rọ̀. Ilẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ pátákò náà rọ̀, àtẹ́lẹ̀ tó ti mu omi yó kò lè bá òkúta jà. Àwọn mìíràn ní inú ọyẹ́, torí pátákò ti le. Ó le, ṣùgbọ́n yangí pàápàá ti di kọnkéré, èèpo gbígbẹ tó kún fún ihò ìṣó á sì máa là. Ìparí oṣù kẹwàá ni mo fara mọ́. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀, pátákò sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ fúnra rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá fi máa mú gan-an, ẹ ti ní tó sẹ̀ǹtímítà 2 èèpo tuntun lókè. Kí òjò oṣù kẹrin tó fìdí múlẹ̀, gìgísẹ̀ tuntun ti ń kan ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ẹṣin, torí náà ẹ̀yìn ló máa ń rọrùn fún un jù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kí ẹ tó bọ́ tiwájú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún tó bu yẹn lè da ètò yìí rú, n ó sì padà sórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, ẹ dúró tì í. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú orí ìṣó tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara pátákò, lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kó fi fáìlì rẹ́ ẹ kúrò. Lẹ́yìn náà ni á fi ẹ̀mú gbá bàtà mú ní gìgísẹ̀, á tẹ ẹ̀mú sápá àárín ẹsẹ̀, á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí á fi dé iwájú. Ẹni tó bá ń fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìtú ìṣó, èèpo ló ń fà ya. Bí irin bá ti kúrò, iṣẹ́ ọ̀bẹ ò gbọ́dọ̀ pọ̀ mọ́. Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ lágídí. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ́ pátákò pẹrẹsẹ fún irin á fẹ́ gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ títí á fi funfun, á sì fẹ́ gé frog kó lè wù yín lójú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀. Gbogbo mìlímítà àtẹ́lẹ̀ tó gé dànù ni ẹṣin yín máa fi ìrora san. Ohun tó kù fún un ni kó fi fáìlì yí etí èèpo po yíká, kí ó má ní igun mímú, torí igun yẹn ló ń kọ́ òkúta, tó ń bu. Síbẹ̀, á bu díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, etí á máa já títí dé ibi tí ihò ìṣó wà. Ó burẹ́wà, àmọ́ kò léwu.

Nígbà tí wọ́n bá bọ́ ọ tán, ẹ má gùn ún. Ẹ jẹ́ kó máa rìn fúnra rẹ̀ nínú ọgbà, kí Màlámù sì máa fà á rìn lórí koríko tàbí ilẹ̀ eléèpẹ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá ń rìn láìṣiyèméjì, ẹ fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀ eléèpẹ̀, ilẹ̀ tó ki díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yangí. Títì ọlọ́dà ló kẹ́yìn. Ohun kan wà tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe, tí kò náni lówó púpọ̀: ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ roboto sí ibi tó ti máa ń mu omi, kó nípọn tó ìbú ọwọ́. Òkúta odò ni mo sọ, tí omi ti yí tó dán, kì í ṣe òkúta fífọ́ tí wọ́n fi ń da kọnkéré, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹṣin á máa lọ dúró lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì kúrò nígbà tó bá sú u. Frog àti àtẹ́lẹ̀ á máa rí ohun tẹ̀ láìsí ẹni tó ń fipá mú un.

Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìrìn. Kí Màlámù fà á kọjá níwájú yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́. Gìgísẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, tàbí kí gbogbo ìsàlẹ̀ kàn án pọ̀. Tí iwájú pátákò bá ń kọ́kọ́ kàn, á jẹ́ pé ó ń sá fún gìgísẹ̀ rẹ̀, ẹ ò tíì lè fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, frog tó ti jẹrà ló fà á. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín frog, kí ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín. Tó bá ń rùn, tí ohun dúdú ń jáde níbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi áyódìn tí wọ́n ti fi omi là sí i lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ. Ilẹ̀ ilé ẹṣin ni kí ẹ wá tún ṣe lẹ́yìn náà, torí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tó ń dúró sójú kan ló ń fà á. Ẹ tẹ́ èérún pákó sí i, ẹ máa kó ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ sì gbẹ́ kòtò tí omi á máa gbà jáde kí òjò tó dé.

Òde oyè àti Òjúde Ọba wá ńkọ́? Ní ọdún àkọ́kọ́ yìí, ẹ yá ẹṣin ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbọ́, pàápàá tí ìdílé bá ti rán aṣọ tán. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Pátákò lásán máa ń di ọ̀dà mú ju irin lọ, irin máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀dà máa ń jẹ pátákò yára ju bó ṣe ń hù lọ tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń rìn lórí rẹ̀. Kí ẹṣin tún dúró fún wákàtí mélòó kan lórí ọ̀dà tó gbóná, kí ìlù àti ìbọn máa dún, kó máa jó, àtẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilẹ̀ kò lè rù ú. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, bàtà rọ́bà wà tí wọ́n ń wọ̀ fún ẹṣin tí wọ́n sì ń bọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ wọn ìbú àti gígùn pátákò lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, ẹ má wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gé e. Fún ọjọ́ kan péré, fóòmù líle tó nípọn tí ẹ gé bá àtẹ́lẹ̀ mu, tí ẹ fi téèpù fífẹ̀ wé mọ́ ọn gírígírí, lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ má wé e kọjá ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹṣin tí kò wọ bàtà kò lè ṣe ohun gidi, ẹ sọ fún un pé ní Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, Peder Fredricson ará Sweden gun All In tí kò wọ bàtà kankan, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìdíje fífo ìdènà, ikọ̀ wọn sì gba wúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá fi ìyẹn bá mi jiyàn tí ẹ bá fẹ́ gùn ún gba orí yangí lọ́sẹ̀ kejì. Orí iyanrìn tí wọ́n tọ́jú ni wọ́n ti fò, dókítà àti àwọn oníṣẹ́ pátákò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ bi mí pé tó bá ń tiro ńkọ́. Títiro kì í ṣe oríṣi kan. Bó bá ń rìn dáadáa lórí koríko, ṣùgbọ́n tó ń mú ẹsẹ̀ rọra lórí òkúta, ohun tí a retí nìyẹn, ẹ jẹ́ kó yan ibi tó máa tẹ̀. Bó bá ń tiro lórí koríko, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ó ti kọjá àìmọ́ra. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó dédé burú láàárín alẹ́ kan débi pé kò fẹ́ fi tẹ ilẹ̀, pátákò yẹn gbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ sì ń lù kìkì lábẹ́ ìka yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oówo inú pátákò. Ó wọ́pọ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀, ẹ pe dókítà kó wá tú u, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀bẹ wá a kiri nínú àtẹ́lẹ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù ni ti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó fi gbogbo ara sẹ́yìn, kò fẹ́ yí, pátákò méjèèjì gbóná. Ẹ má fà á rìn. Ẹ kó gbogbo èérí kúrò níwájú rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí dókítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora kí ẹ lè rí i gùn lọ sóde.

Tó bá wá kọ̀ ńkọ́? Ẹ fún un ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí oúnjẹ ti tọ́, tí ilé ẹṣin ti gbẹ, tí ẹni tó ń gé e sì ń wá déédéé. Tó bá ṣì ń ro ó lórí ilẹ̀ rírọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kan bàtà padà sí iwájú nìkan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn wà bẹ́ẹ̀. Ẹṣin púpọ̀ ló ń lo ayé wọn báyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń wọ̀ ọ́ ní oṣù tí iṣẹ́ pọ̀, wọ́n á bọ́ ọ ní oṣù ìsinmi. Ẹṣin tí egungun inú pátákò rẹ̀ ti yí, tàbí tí X-ray fi hàn pé àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, mi ò ní fi dandan lé e rárá.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó bu yẹn wá ni. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló yẹ kí wọ́n máa tún bàtà ṣe síra. Oṣù mẹ́ta tí ẹ̀ ń jẹ́ kó kọjá ló jẹ́ kí pátákò gùn jù irin, kí ìṣó sì tú. Ẹ pe oníbàtà Èkó yẹn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ibi tó bu kò lè dúró de oṣù kẹwàá. Tó bá rí ibi tí ìṣó lè mú dáadáa, kó kàn án, kí ẹ tẹ̀lé ètò tí mo sọ lókè. Tí kò bá sí ibẹ̀, kó má fi túláàsì kan ìṣó sínú èèpo tó ti fọ́. Kó bọ́ ti iwájú òsì náà kí méjèèjì lè dọ́gba, kí ẹ fi fóòmù wé wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú bí kò tilẹ̀ wù wá bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yí etí ibi tó bu po kó tó lọ, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀, kí dókítà tó máa ya X-ray lè rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí irin kúrò.